Ọmọ Bẹ́ríǹgì inú Ṣọ́ọ̀bù Màmúdù

Ó rẹ̀ mí. Ẹ jẹ́ kí n ti ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀, kí ẹnikẹ́ni má baà rò pé ara líle ni mo fi ń sọ̀rọ̀. Bẹẹrẹ, mo dé ibẹ̀. Ọjà'ba, mo dé ibẹ̀. Géètì ní Agodi, mo wọ mọ́tò lọ, mo fẹsẹ̀ rìn bọ̀ nítorí súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Gbogbo ẹ̀, nítorí irin róbótó kan tí kò tó hóró ọkà bàbà. Obìnrin tó ti lé ní àádọ́ta ọdún, tí orúnkún ń dùn, kò yẹ kó máa ti ìsọ̀ kan bọ́ sí òmíràn, kó máa bi àwọn ọmọkùnrin pé, "Ṣé ẹ ní bẹ́ríǹgì?" Ṣùgbọ́n ta ni n bá rán?

Nojeem ni àbúrò mi, ọmọ ìyá mi. Ẹ bi gbogbo Oníyanrìn, wọ́n á sọ fún yín pé ẹ̀yìn èmi Mujeebat ló gbó sí ju ẹ̀yìn ìyá wa lọ, torí ọjà ni ìyá wa ń kiri. Kó tó mọ̀ ọ́n sáré ni àrùn rọmọlápá-rọmọlẹ́sẹ̀ ti mú un, ẹsẹ̀ òsì ẹ̀ sì rọ. Tó bá ń rìn, á fi ọwọ́ ti orúnkún yẹn kó tó gbé ìkejì. Ó ti lé ní ogójì ọdún báyìí, ó ti mọ́ gbogbo wa lára. Ohun tí ò mọ́ wa lára ni òkè. Ìlú tiwa yìí, kò sí ibi tí èèyàn ń lọ tí kò ní gùn kó tó sọ̀.

Kẹ̀kẹ́ ló gbà á. Kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ ni, ó rà á lọ́wọ́ àwọn tó ń já ẹrù kòǹténà, pẹ́dà ẹ̀ kì í sì í ṣe irú èyí tí a mọ̀. Ó ní bàtà tirẹ̀, irin pẹlẹbẹ kan wà lábẹ́ bàtà ọ̀hún. Tí Nojeem bá ti tẹ bàtà mọ́ pẹ́dà, á dún kọ́ọ́, ó ti há mọ́ ọn nìyẹn, kò ní yọ títí tó fi máa yí gìgísẹ̀ síta. Lórí pẹ́dà lásán, ẹsẹ̀ òsì yẹn á kàn máa yọ̀ ṣùùrù bọ́ sílẹ̀, táyà á fẹ́ẹ̀ẹ́ wé e. Àwọn kan á ní, kó gun ọ̀kadà ńkọ́? Ẹsẹ̀ òsì ni wọ́n fi ń yí jíà ọ̀kadà. Ṣé ẹ ti rí i pé ọ̀rọ̀ ò ju kẹ̀kẹ́ yẹn lọ?

Orí ẹ̀ ló ti rí iṣẹ́. Màdáàmù Bertha, tó ní kẹ́mísì lójú ọ̀nà Bẹẹrẹ, gbà á pé kó máa gbé oògùn lọ fún àwọn arúgbó tí kò lè jáde mọ́, ní Kúdẹtì, ní Oníyanrìn níbí, àti lẹ́yìn Màpó lọ́hùn-ún. Àwọn arúgbó yẹn fẹ́ràn ẹ̀ bí ojú. Wọ́n á fi obì pamọ́ dè é, wọ́n á ro ẹjọ́ ìyàwó ọmọ wọn fún un. Ọkùnrin tó jẹ́ pé inú ilé ló ń wà tẹ́lẹ̀, tí kì í dá ẹnikẹ́ni lóhùn, ó wá di ẹni tó ń wọlé ní ìrọ̀lẹ́ tó ń rojọ́ ìlú fún mi títí n ó fi ní, "Nojeem, jọ̀ọ́, jẹ́ kí n gbọ́ràn."

Ọjọ́ Ọjọ́rú kan ló wọlé, tí pẹ́dà òsì ń dún bí ẹni ń lọ ata gbígbẹ. Kò kí mi dáadáa. Ó tẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ó tú pẹ́dà. Àwọn irin róbótó kéékèèké kan ló wà nínú ẹ̀, tí wọ́n tò yí irin àárín ká; àwọn ló ń jẹ́ kó yí láìha. Ọmọ bẹ́ríǹgì ni wọ́n ń pè wọ́n. Omi gọ́tà ti wọ̀ ọ́ nígbà òjò, wọ́n ti dípẹtà, òmíràn ti là sí méjì. Ẹyọ kan ṣoṣo ló ṣẹ́ kù tó ń dán.

Ó ní, "Àǹtí, tí mo bá gùn ún báyìí, irin àárín á jẹ. Tí irin àárín bá ti jẹ, ó parí."

Mo ní, "Ra òmíràn sí i. Ṣebí irin lásán ni?"

Ó wò mí, ó rẹ́rìn-ín tí kò dé ojú. Ó pe Màdáàmù Bertha lórí fóònù, ó tan ohùn ẹ̀ síta kí èmi náà lè gbọ́. Màdáàmù ò bú u o. Ó ní òun á mú sùúrù di Mọ́ńdè, ṣùgbọ́n oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í dúró de ẹnikẹ́ni, àti pé ọmọkùnrin kan wà tó ní ọ̀kadà tó ti ń bẹ òun fún iṣẹ́ yẹn tipẹ́. Tí Mọ́ńdè bá mọ́ tí Nojeem ò dé, ọmọ yẹn ló máa gbé báàgì.

Nojeem gbé fóònù sílẹ̀, ó ní, "Tí iṣẹ́ yìí bá lọ, mo ti padà sínú ilé nìyẹn." Bó ṣe sọ ọ́ wẹ́rẹ́ yẹn ló dùn mí. Ká ní ó pariwo ni, n bá pariwo padà.

Ni mo bá so ẹyọ irin tó kù yẹn mọ́ etí ìró mi, mo sì gbé pẹ́dà sínú báàgì. Ó fẹ́ tẹ̀ lé mi. Mo ní kó jókòó jàre, ṣé kí n máa wò ó kó máa fọwọ́ ti orúnkún gun òkè Màpó ni?

Ní àárọ̀ Ọjọ́bọ̀, ní Bẹẹrẹ, ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Yésúfù ló kọ́kọ́ dá mi lóhùn. Kò tilẹ̀ wo ohun tí mo mú lọ́wọ́ tó fi sọ pé òun ní in. Ó da àwọn irin róbótó sí mi lọ́wọ́, ńlá ńlá. Mo ní, "Èyí tóbi ju tèmi lọ." Ó ní, "Ìyá, kò sí pẹ́dà tí ò gba èyí. Ẹ ní kó fi hámà lù ú, á wọlé." Mo kọjá sí ìsọ̀ ìkejì, hámà náà ni wọ́n tún ní ká fi lù ú. Ìsọ̀ kẹta, hámà. Ó wá ń ṣe mí bíi pé kí n gba hámà yẹn lọ́wọ́ ẹnìkan kí n fi lu nǹkan mìíràn.

Ọjà'ba ló burú jù. Onísọ̀ kan gba ẹyọ irin mi pé òun fẹ́ wọ̀n ọ́n, kí n tó wí kíní, ó ti jábọ́ sínú àwo tí irin wẹ́wẹ́ kún bí iyanrìn. Mo figbe ta. Ó ní kí n má ṣe bínú, ìyá òun. Òun àti èmi tẹrí wọnú àwo yẹn nínú oòrùn, à ń ṣà á bí ẹni ń ṣa òkúta nínú ìrẹsì. Nígbà tí a rí i, òógùn ti mú aṣọ lẹ̀ mọ́ mi lẹ́yìn, ó sì wá wò mí lójú, ó ní, "Irú ẹ̀ ò sí lọ́jà yìí, Màmá." Lẹ́yìn gbogbo ìyẹn!

Lọ́jọ́ kejì mo lọ sí Géètì, níbi tí wọ́n ti ń ta ẹ̀yà ara mọ́tò. Wọ́n ní bẹ́ríǹgì mọ́tò, wọ́n ní ti ẹ̀rọ ìlọta, wọ́n ní ti jẹnẹrétọ̀. Bàbá arúgbó kan tó jókòó lórí táyà ló ṣàánú mi. Ó gba pẹ́dà, ó yí i wò, ó ní, "Kẹ̀kẹ́ eré ìdíje ni eléyìí. Ẹ má dààmú ara yín mọ́. Màmúdù ti Beyerúnka nìkan ló máa ń kó ìyẹn jọ ní ìlú yìí. Gbogbo kẹ̀kẹ́ tòkunbọ̀ tó bá ti kú, òun ló máa ń rà á tú."

Ẹ ò mọ bí ara ṣe tù mí. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé orúnkún mi. Alẹ́ ọjọ́ yẹn, Nojeem fọ inú pẹ́dà pẹ̀lú kẹrosíìnì, ó wá gíríìsì sílẹ̀. Ó jẹun tán nínú àwo.

Àárọ̀ Sátidé, mo dé Beyerúnka. Mo bèèrè ilé Màmúdù oníkẹ̀kẹ́, ọmọbìnrin kan nawọ́ sí ọ̀ọ́kán. Kánópì ni mo kọ́kọ́ rí. Lẹ́yìn náà, àga tí wọ́n tò. Lẹ́yìn náà, àwọn obìnrin tí wọ́n daṣọ borí.

Mo ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀ níbí?"

Obìnrin tó ń fọ abọ́ ní, "Bàbá Sàídì mà ni o. Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n kú, ọjọ́ náà la sin wọ́n."

Lá ìláhà! Ọjọ́bọ̀ tí mò ń tẹrí wọnú àwo l'Ọ́jà'ba ni wọ́n ń gbé Màmúdù wọ kòtò. Kí n tó ronú ohun tí mo máa ṣe, obìnrin yẹn ti dì mí lọ́wọ́ mú, ó ti mú mi jókòó láàárín àwọn abánikẹ́dùn. Wọ́n gbé omi fún mi. Ẹnìkan bi mí bí mo ṣe jẹ́ sí olóògbé. Mo ní, "Háà, ẹni rere ni," mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún lóòótọ́. Àwọn àgbà ní òkú ń sunkún òkú, akáṣọlérí ń sunkún ara wọn. Ẹkún tèmi, ti ẹsẹ̀ mi ni, àti ti Mọ́ńdè.

Nígbà tó yá, ọmọ olóògbé, Sàídì, àkọ́bí ni, ó wá kí mi pé mo kú àbọ̀. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n kí ni n bá ṣe? Mo fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo rojọ́ fún un, mo yọ pẹ́dà hàn án. Kò bínú. Ó tilẹ̀ rẹ́rìn-ín, ẹ̀rín àkọ́kọ́ tí mo rí nílé yẹn. Ó ní, "Ó wà. Bàbá ní agolo kan tí wọ́n ń kó kéékèèké yẹn sí." Ó nawọ́ sí ṣọ́ọ̀bù tó wà lójúde, ilẹ̀kùn pákó, àgádágodo ńlá lẹ́nu ẹ̀. "Mọ́gàjí, olórí ilé wa, ló tì í. Ṣùgbọ́n ọmọ bẹ́ríǹgì mélòó kan, kí ni ìyẹn? Ẹ jẹ́ ká bi àwọn ìyá mi."

Ìyáálé ní kò sí wàhálà, kí wọ́n bù ú fún mi, kí n fi ṣàdúrà fún òkú. Ibẹ̀ ni Áfà Mikail ti wọlé. Òun ló ń ṣe wàásù níbẹ̀ láràárọ̀. Ó gbọ́, ó jókòó, ó tẹ́ ọwọ́ lé orúnkún.

Ó ní, "Ìyá wa, ẹ fọwọ́ wọ́nú. Láti ìgbà tí ẹ̀mí ti bọ́ lára Màmúdù, kò ní abẹ́rẹ́ mọ́. Gbogbo ohun tó wà nínú ṣọ́ọ̀bù yẹn ti di ti àwọn ajogún. Ẹnìkan ò lè fi ohun ẹnìkejì ta yín lọ́rẹ, àfi kí gbogbo wọn yọ̀ǹda."

Mo ní, "Áfà, gbogbo wọn ló ń yọ̀ǹda yìí."

Ó ní, "Ó ku Sìdí."

Sìdí ni ìyàwó kékeré. Ó wà nínú tákàbá, ó ń ṣe opó nínú yàrá, kì í jáde. Wọ́n mú mi wọlé lọ bá a. Ọmọ kékeré ni, ó jókòó lórí ẹní, ojú ẹ̀ ti wú. Mo kí i kú ọ̀ràn, mo sọ ohun tí mo bá wá ní ohùn kékeré, torí kò yẹ ká máa sọ ọ̀rọ̀ pẹ́dà fún irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ó gbọ́ mi tán, ó ní, "Ní tèmi, mo yọ̀ǹda, Màmá. Ṣùgbọ́n mi ò dá nìkan wà níbí." Ó ká ọwọ́ kúrò lára. Ìgbà yẹn ni mo rí ikùn.

Nígbà tí mo padà síta, Áfà ti mọ ohun tí mo máa bá bọ̀. Ó ní, "Ẹni tó wà nínú yẹn náà, ajogún ni. Kò lẹ́nu tó máa fi yọ̀ǹda, ìyá ẹ̀ náà ò sì lè bá a yọ̀ǹda. Ọrẹ ò ṣe é ṣe títí a ó fi bí i. Tó bá ṣe pé ẹ fẹ́ rà á ni, ìyẹn ṣe é ṣe, ṣùgbọ́n ó di ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn fidáù, nígbà tí Mọ́gàjí àti gbogbo ilé bá jókòó, tí wọ́n dá iye tó yẹ lé e, tí wọ́n sì fi ti ọmọ pamọ́ fún un."

Ọjọ́ kẹjọ, Ọjọ́bọ̀ ni. Mọ́ńdè kọ́ ọ.

Ẹ wò ó, inú bí mi. Mo ní, "Áfà, ẹ̀yin náà ẹ gbọ́ ara yín? Mo fẹ́ gba irin tí kò tó hóró ọkà bàbà, ẹ ní kí n lọ dúró de oyún?" Ó ní kí n má bínú, pé òun kọ́ ló ṣe òfin. Ọ̀rọ̀ burúkú tòun tẹ̀rín: obìnrin kan níbẹ̀ bú sẹ́rìn-ín, ó tún rántí pé ilé ọ̀fọ̀ ni, ó fi ìborí bo ẹnu.

Bí mo ṣe délé, mo ṣàlàyé gbogbo ẹ̀ fún Nojeem. Mo ti rò pé á bá mi bínú sí Áfà. Ó kàn bèèrè pé, "Oṣù mélòó ni oyún náà?" Mo ní mi ò mọ̀, kí ló kàn mí.

Ọ̀sán Sọ́ńdè, mo ń sá aṣọ lójúde, ni mo rí Sàídì tó ń bọ̀, ó ń bèèrè ilé wa kiri. Ó mú mi wọ kọ̀rọ̀, ó yọ láílọ́ọ̀nù kékeré kan nínú àpò. Ọmọ bẹ́ríǹgì ló wà nínú ẹ̀, wọ́n ń dán, wọ́n sì ṣe rẹ́gí bí ẹyọ tèmi. Ó ní òun ti gba kọ́kọ́rọ́ lọ́wọ́ Mọ́gàjí pé òun fẹ́ mú ṣọ́bìrì. Ó ní, "Màmá, ẹkún tí ẹ sun fún bàbá mi lánàá wọ̀ mí lára. Irin lásán ni. Ta ló máa kà á?"

Mo kúnlẹ̀ fún ọmọ tí mo lè bí. Mo súre fún un títí tó fi kọjá ojú ilé.

Mo sáré wọlé. Mo ní, "Nojeem! Ó ti dé o! Gbé pẹ́dà wá, gbé gíríìsì wá!" Ó gba láílọ́ọ̀nù, ó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀. Ó da ẹyọ kan sí àtẹ́lẹwọ́, ó fi ìka yí i. Mo rí ojú ẹ̀, mo rí i pé ó fẹ́ ẹ. Ó wá bi mí pé, "Ṣé wọ́n ti jókòó ni?"

Mo ní, "Ta ni?"

"Àwọn ẹbí. Ṣé wọ́n ti jókòó, tí wọ́n tà á?"

Mi ò lè purọ́ fún un, mi ò mọ̀ ọ́n pa fún un láti ìgbà tó ti wà ní kékeré. Mo ní Sàídì ló mú un wá. Ó da ẹyọ yẹn padà sínú láílọ́ọ̀nù, ó so ó ní kókó, ó nà án sí mi. "Ẹ dá a padà fún wọn, Àǹtí."

Mo rò pé mi ò gbọ́ ọ dáadáa. Nígbà tí mo wá gbọ́ ọ, mo pariwo tí àwọn ará ilé kejì fi yọjú. Mo ní, "Ṣé orí ẹ pé? Ẹsẹ̀ mi ti wú! Mo ti sunkún òkú tí mi ò mọ̀ rí! Ọmọ tí wọn ò tíì bí, ṣé pẹ́dà ló máa fi ṣeré ni? Ta ló máa gbà ẹ́ síṣẹ́ lọ́la? Áfà ni àbí ọlẹ̀ inú?" Mo sọ èyí tí kò yẹ, mo tún sọ òmíràn mọ́ ọn. Ó ń gbọ́ mi. Nígbà tí mo dákẹ́ láti mí, ó ní, "Ohun ẹni tí kò lè sọ̀rọ̀ ni, Àǹtí. Mi ò lè fi í sábẹ́ ẹsẹ̀."

Mo padà sí Beyerúnka ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ yẹn, tìbínú-tìbínú. Mo fi láílọ́ọ̀nù lé Sàídì lọ́wọ́, mi ò lè wò ó lójú. Lójú ọ̀nà bọ̀ mo jókòó sórí pèpéle onílé, mi ò mọ onílé, mo kàn jókòó.

Mọ́ńdè, Nojeem fẹsẹ̀ rìn lọ sí Bẹẹrẹ. Ó ti jáde kí n tó jí. Àwọn tó rí i ní ó sinmi lára ògiri gbọ̀ngàn Màpó kó tó sọ̀. Nígbà tó dé, báàgì oògùn ti wà lẹ́yìn ọ̀kadà ọmọkùnrin yẹn. Màdáàmù Bertha gbé àga fún un, ó fún un ní omi tútù, ó ní kó má bínú. Ó padà wálé, ó bọ́ bàtà, ó sùn, ó kọjú sí ògiri. Èmi náà ò bá a sọ̀rọ̀. Mo gbé oúnjẹ ẹ̀ síbẹ̀, mo jáde. Bẹ́ẹ̀ la ṣe wà títí di Ọjọ́bọ̀, mò ń bínú, ó ń wo ògiri.

Ọjọ́bọ̀ ló ní òun ń lọ fidáù Màmúdù. Mo ní kí ló fẹ́ lọ rà, nígbà tí iṣẹ́ ti lọ? Ó ní, "Iṣẹ́ ló lọ. Mo ṣì nílò ẹsẹ̀." Mo bá a wọ mọ́tò. Mi ò fẹ́ bá a lọ, ṣùgbọ́n ta ló máa mú un sọ̀kalẹ̀?

Nígbà tí wọ́n ṣàdúrà tán, tí èrò ti ń fọ́n ká, ẹbí jókòó ní pálọ̀ Mọ́gàjí. Wọ́n gbé àwọn ohun tí wọ́n fẹ́ tà jáde, agolo yẹn wà lára ẹ̀. Nojeem mú ẹyọ mélòó kan tó nílò, wọ́n dá iye lé e, ó san án. Áfà Mikail yọ ti ẹni tó wà nínú ikùn sọ́tọ̀ lójú gbogbo ilé, ó ní kí wọ́n gbé e fún ìyá ẹ̀ nínú yàrá kó máa tọ́jú ẹ̀.

Mọ́gàjí, bàbá arúgbó tó fi ọ̀pá sí àárín ẹsẹ̀, ló wá wò ó. Ó ní, "Ṣé ìwọ ni wọ́n ní o dá a padà ní Sọ́ńdè? Sàídì ti jẹ́wọ́ fún mi. Wọ́n ní iṣẹ́ ẹ bọ́ sí i. Ọmọ tí o ò mọ̀, tí a ò tíì rí ojú ẹ̀, kí ló dé?"

Nojeem dọ̀bálẹ̀ bó ṣe lè dọ̀bálẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ilẹ̀. Ó ní, "Bàbá, inú oyún lèmi náà wà nígbà tí bàbá wa kú. Wọ́n ti pín ogún ẹ̀ tán kí n tó dé."

Kò fi ohùn ìbínú sọ ọ́. Kò wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀dọ̀ mi. Mọ́gàjí ní, "Ọlọ́run ó fi òmíràn san án," gbogbo ilé ṣàmín, wọ́n sì bọ́ sórí ọ̀rọ̀ mìíràn.

Èmi nìkan ló kù sórí ọ̀rọ̀ yẹn. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n pín in. Ọmọ kékeré ni mí, ṣùgbọ́n mo gbọ́n tó láti mọ̀ pé ìyá wa lóyún, torí èmi ni mò ń bá a pọn omi. Obìnrin ilé kan bèèrè pé ti ẹni tó wà nínú ńkọ́. Ẹ̀gbọ́n bàbá wa ní, "Ẹni tí a ò rí, a ó ha máa dúró dè é?" Wọ́n rẹ́rìn-ín, wọ́n ń pín lọ. Yàrá méjì tó kọjú síra wọn lẹ́yìn ilé ló kàn mí. Ọ̀kan ni mò ń gbé dòní. Èkejì ni mo ní kí Nojeem máa gbé, mi ò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ ẹ̀ rí, gbogbo Oníyanrìn sì ń yìn mí fún un. Wọ́n á ní, "Mujeebat, ẹ kú ìtọ́jú àbúrò." Èmi á ní kò tọ́pẹ́, àánú ẹ̀ ló ń ṣe mí.

Àánú ni mo ń pè é láti ìgbà yẹn. Ìpín ẹ̀ ni.